Iná LED nínú ilé: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí lójoojúmọ́, àti ìdáhùn wọn

Gílóòbù ni mò ń tà, èmi náà ni mo sì máa ń bá oníbàárà so ó sílé. Ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di alẹ́ Sátidé, ni mo bá kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó ń fọ́ni lórí wà nísàlẹ̀.

Kí ni LED gan-an? Kí ló fi yàtọ̀ sí gílóòbù tí à ń lò tẹ́lẹ̀?

Gílóòbù àtijọ́ ní wáyà tín-ín-rín kan nínú. Iná a gba inú wáyà náà kọjá, wáyà a gbóná títí á fi pọ́n, ìyẹn ló ń tàn. Ooru ló ń fi iná yín ṣe jù lọ, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń yọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ lásán yọ ọ́ rí nígbà tó ṣì ń tàn kò ní dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Gílóòbù energy, èyí tí gíláàsì rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ní mẹ́kúrì díẹ̀ nínú, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọmọdé máa fọwọ́ ṣa á bó bá fọ́.

LED kò ní wáyà tó ń pọ́n, kò sì ní mẹ́kúrì. Ẹ̀rún kékeré kan ni, kò tó èékánná ọmọ jòjòló. Bí iná bá ti gba inú rẹ̀ kọjá báyìí, ìmọ́lẹ̀ ló ń yọ. Láti 1962 ni Nick Holonyak ti ṣe èyí tó ń tàn pupa ní Amẹ́ríkà, àmọ́ èyí tó ń tàn búlúù ló fi àwọn onímọ̀ ṣẹ̀sín fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ láìsí búlúù kò sí funfun. Àwọn mẹ́ta tó yanjú rẹ̀, Akasaki, Amano àti Nakamura, ló gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2014. Ẹ wo LED dáadáa nígbà tí kò tíì tàn: ẹ ó rí nǹkan tó pọ́n bí inú ẹyin lójú rẹ̀. Kẹ́míkà yẹn ló ń sọ búlúù di funfun kó tó kàn yín lójú.

Wáàtì mélòó ni kí n rà?

Wáàtì kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Wáàtì ni oúnjẹ tí gílóòbù ń jẹ, lumen ni iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹni tó sì ń jẹun jù kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Gílóòbù àtijọ́ wáàtì 40 ń mú nǹkan bí 450 lumen jáde, wáàtì 60 ń mú 800, wáàtì 100 ń mú 1,600. LED gidi wáàtì 9 máa ń tó 800 lumen tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, ara páálí ni kí ẹ yẹ̀ wò fún lumen. Bí wọn ò bá kọ ọ́ rárá, ẹ dá a padà sórí tábìlì.

Ìṣirò tí èmi ń lò ni pé yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó gùn ní 12, ń fẹ́ nǹkan bí 1,200 sí 1,500 lumen lápapọ̀, pálọ̀ tó fẹ̀ ní 12, tó gùn ní 14, ń fẹ́ 2,500 sí 3,000, ilé ìdáná kékeré sì ń fẹ́ 2,000 ó lé. Bí ògiri bá jẹ́ funfun, ẹ lè dín in kù díẹ̀. Bí ẹ bá kun ún ní àwọ̀ kọfí tàbí àwọ̀ ewé tó ki, ẹ fi kún un, torí irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Iná funfun ni tàbí iná pupa?

Ẹ wo nọ́ńbà tí lẹ́tà K wà lẹ́yìn rẹ̀. 2700K sí 3000K ni a ń pè ní iná pupa lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ inú ẹyin ni. 4000K wà láàárín, kò pupa, kò sì funfun bálau. 6500K ni funfun tó fẹ́ máa ṣe búlúù, òun ló sì kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni iná ń pupa sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò lọ́kàn ni pé iná pupa kì í mọ́lẹ̀. Funfun kọ́ ni mímọ́lẹ̀. Gílóòbù pupa 900 lumen mọ́lẹ̀ ju funfun 600 lumen lọ. Iná pupa tí ẹ rí nílé ìyàwó àbúrò yín tó ṣókùnkùn, gílóòbù kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí àárín pálọ̀ ńlá, ìyẹn ló fà á.

Onípíìnì àbí onísíkúrù?

Èyí tí họ́dà ilé yín bá gbà ni. Onípíìnì méjì ni B22, onísíkúrù ni E27, kò sì sí èyí tó ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ ju èkejì. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ yọ ọ̀kan kí ẹ mú un dání wá. Àwọn tó ń sọ fún mi pé "èyí tó ń yí báyìí" máa ń padà wá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń dín owó iná kù?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gílóòbù wáàtì 60 tó ń tàn fún wákàtí 6 lójúmọ́ máa jẹ 10.8 yúnìtì lóṣù. LED wáàtì 9 tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà máa jẹ 1.62. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàbójútó iná mànàmáná, sọ yúnìtì àwọn Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, di 225 náírà ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦2,430 lóṣù, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tó ₦370. Gílóòbù kan péré nìyẹn o. Ilé tó ní mẹ́wàá, ₦24,300 àti nǹkan bí ₦3,650. Ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín báyìí ṣe ìṣirò tiyín.

Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: bí ẹ bá ní fíríìjì àtijọ́, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ amúlétutù, gílóòbù nìkan kò ní sọ owó iná yín di kékeré.

Irú wo ni kí n fi sí pálọ̀?

Pálọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. A ń wo tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, a ń gbàlejò, àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì àárín, ọjọ́ Sátidé a ń ṣí gèlè wò kí a tó lọ sóde. Gílóòbù kan ní àárín àjà kò lè ṣe gbogbo èyí. Mo máa ń pín in sí súìṣì méjì: iná àjà 4000K tó mọ́lẹ̀ dáadáa fún iṣẹ́ àti àlejò, àti iná ara ògiri 3000K fún ìgbà tí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má ṣe gbé iná tó mọ́lẹ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ojú rẹ̀ ni ẹ ó ti máa rí gílóòbù yín.

Yàrá ìsùn ńkọ́?

Iná pupa, 2700K. Mi ò kì í jiyàn lórí eléyìí. Ara wa ní èròjà kan, melatonin, tó máa ń pọ̀ lára lálẹ́ láti pe oorun wá. Iná tó ní búlúù púpọ̀, irú 6500K, ló sì ń dá a dúró jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ kì í rí oorun sùn, ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà yàrá yín.

Ẹ fi súìṣì kan síbi tí ọwọ́ ti lè kàn án láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọlọ́mọ tó ń jí fọ́mọ lọ́mú lóru kò nílò ju LED wáàtì kan lọ nílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọmọ kò ní là jú tán pátápátá, òun náà á sì rí i bí ọmọ ṣe gba ọmú.

Kí ló dé tí mi ò kì í ríran dáadáa nílé ìdáná, bẹ́ẹ̀ iná wà?

Ibi tí iná wà ni kò dáa. Àárín àjà ni wọ́n fi gílóòbù sí, ẹ̀yin sì kọjú sí ògiri níbi tí ẹ ti ń gé ẹ̀fọ́. Ẹ̀yìn yín ni ìmọ́lẹ̀ wà, orí àti èjìká yín ló sì ń ju òjìji sórí pákó ìgéfọ̀ọ́. Ẹ lè fi wáàtì 30 síbẹ̀, òjìji yẹn ò ní kúrò. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kó wà níwájú yín, kó tàn sísàlẹ̀. Bí kò bá sí kọ́bọ́ọ̀dù, iná gbọọrọ kan lára ògiri lókè sínkì àti ibi ìgéǹkan ti tó.

Ohun kejì ni CRI, nọ́ńbà tó ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bí oòrùn ṣe ń fi í hàn. 100 ló ga jù, 80 ni kí ẹ má sọ̀kalẹ̀ kọjá, nílé ìdáná mo máa ń wá 90. Lábẹ́ gílóòbù olówó pọ́ọ́kú tí CRI rẹ̀ kéré, ẹran tútù àti èyí tó ti ń bà jẹ́ á máa jọra. Ẹ bu ẹ̀wà sínú atẹ lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa ṣà á: òkúta tó ní àwọ̀ ẹ̀wà á sá pamọ́, eyín yín ni yóò padà rí i. Níbí, 4000K ló dáa jù, 6500K náà kò burú.

Balùwẹ̀ àti iwájú dígí?

Ẹ wá IP44 lára páálí, ìyẹn ni pé omi tó bá ta sí i kò ní wọlé. Níbi tí ṣáwà ti ń dà lé e tààrà, IP65. Ní ti dígí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ni kí iná ti wá. Tó bá jẹ́ òkè nìkan, abẹ́ ojú àti abẹ́ imú á ṣókùnkùn, ẹ ó lẹ páúdà jù síbẹ̀, ẹ ó wá dé ìta kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ṣe.

Tábìlì ìkàwé ọmọ?

Lámpù orí tábìlì, 4000K, 450 lumen ó kéré tán. Bí ọmọ bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ẹ gbé e sọ́wọ́ òsì rẹ̀, kí òjìji ọwọ́ má bo ohun tó ń kọ. Ẹ jẹ́ kí iná àjà náà máa tàn.

Iná ìta ń kó kòkòrò jọ. Kí ni ká ṣe?

Iná pupa ni ojútùú. Kòkòrò fẹ́ràn búlúù àti irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú tiwa kì í rí. LED kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ìkejì jáde, ṣùgbọ́n 6500K kún fún àkọ́kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò bá dá tí ikán abìyẹ́ ń tú jáde, ẹ wo bàràńdà tí wọ́n fi funfun sí àti èyí tí wọ́n fi 2700K sí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ wà nínú ìyẹ́ tí ẹ máa gbá láàárọ̀. Kò ní tán pátápátá o, á kàn dín kù.

Fún géètì àti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, ẹ ra IP65, ẹ sì jẹ́ kó dojú kọ ilẹ̀. Èyí tó kọjú síta ń fọ́ aládùúgbò yín lójú, ó sì ń sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di òkùnkùn níbi tí olè lè dúró sí.

Mo ń ṣe POP. Spotlight mélòó?

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe POP ló máa dá a lóhùn, ẹwà ihò ló ń rò. Mo ti wọ pálọ̀ kan tí wọ́n ti lu ihò 24, tí wọ́n fi wáàtì 7 sí gbogbo wọn. Onílé fúnra rẹ̀ ń fọwọ́ bojú nígbà tó ń fi ilé hàn mí. Spotlight ń tàn sójú kan bíi tọ́ọ̀ṣì ni, kì í tàn ká. Ẹ fi sókè àwòrán, sókè tábìlì oúnjẹ, sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Panel light, iná pẹlẹbẹ tó ń tàn ká, ni kí ẹ fi tan gbogbo yàrá.

Ẹ béèrè èyí tí ẹ̀rọ tó ń fún un níná dá wà lọ́tọ̀ lóde. Bó bá kú, ẹ ó pààrọ̀ ẹ̀rọ yẹn nìkan, ẹ ò ní fọ́ POP. Ní ti iná tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí àwọ̀ padà láàárín búlúù àti àwọ̀ àlùkò, owó yín ni, ṣùgbọ́n ilé ọtí ló máa ń rán mi létí.

Gílóòbù tó ní bátìrì nínú dáa àbí kò dáa?

Ó dáa fún ilé tí kò ní ínfátà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kò ní kú, á sì máa tàn fún wákàtí mélòó kan. Súìṣì gbọ́dọ̀ wà ní títàn kó tó lè gba iná sára. Àwọn tó ń pa á lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń bínú lálẹ́ pé kò tàn, kò jẹun ni. Pé ó ń tàn bí ẹ bá di ìdí rẹ̀ mú kì í ṣe oògùn: ara yín ló so ojú irin méjèèjì pọ̀, gílóòbù sì rò pé súìṣì ni.

Ilé tó bá ní ínfátà kò nílò rẹ̀. Ṣe ló máa ń jí iná bátìrì ńlá gba sínú bátìrì kékeré tirẹ̀. Ẹ má sì fi sínú gíláàsì tó dé pa, ooru máa ń ba bátìrì inú rẹ̀ jẹ́.

Wọ́n ní LED ń lo ọdún mẹ́wàá. Kí ló dé tí tèmi kì í lo oṣù mẹ́ta?

Wákàtí 15,000 sí 25,000 ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ẹ̀rọ kékeré tó wà nídìí rẹ̀ ló sábà máa ń kú, nígbà mìíràn ọ̀kan nínú àwọn LED inú rẹ̀ ni, ooru ló sì ń pa wọ́n. Ẹ ti gbọ́ pé LED kì í gbóná: ojú rẹ̀ ni kì í gbóná, ìdí rẹ̀ ń gbóná. Fi wáàtì 15 sínú gíláàsì rogodo tí kò ní ihò, ṣe lẹ dé ìkòkò mọ́ ọn. Nínú irú rẹ̀, ẹ má kọjá wáàtì 7.

Èkejì ni iná tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Fóòtì 230 ló yẹ kó wá, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí NEPA ṣe ń mú iná dé: á kọ́kọ́ fò sókè bí ẹni tí ejò bù jẹ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí fíríìjì bá dákẹ́ lójijì. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 85–265V sí. Ẹ̀kẹta ni họ́dà tó ti dẹ̀, tó ń ta ṣẹ́ṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ họ́dà, ẹ má ṣe fi bébà há a.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ikú rẹ̀ lójú, ẹ yọ òkú gílóòbù kúrò nínú họ́dà, kí ẹ rọra ṣí rọ́bà funfun orí rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn LED tò yípo, bó bá jẹ́ pé LED ló kú, ọ̀kan nínú wọn á ní àmì dúdú bí ojú abẹ́rẹ́. Orí okùn kan náà ni gbogbo wọn wà, bí ọ̀kan bá jóná, iná ò ní kọjá mọ́. Àwọn ọmọ ìta ọjà máa ń fi irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ lẹ wáyà dí ojú rẹ̀, á sì tàn padà. Kì í pẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè ní kí wọ́n má jẹun.

Báwo ni mo ṣe máa dá ayédèrú mọ̀?

Mo ra páálí kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ. Wáàtì 12 ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn. Mo tan mẹ́wàá lórí ínfátà tèmi, mo retí 120, ojú ínfátà ní 58. Mo dá owó àwọn tó ti rà á padà. Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í gba páálí láì tan díẹ̀ wò.

Ẹ gbé e lọ́wọ́: èyí tó fúyẹ́ bíi páálí òfìfo kò ní irin tó máa gbé ooru kúrò. Ẹ wo bóyá wọ́n kọ lumen, K, CRI àti fóòtì sí i. Ẹ béèrè àmì MANCAP tí àjọ SON ń fún ọjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Nàìjíríà. Kí ẹ sì ní kí olùtà kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sára rẹ̀. Bó bá ń lọ́ tìkọ̀, ẹ lọ ṣọ́ọ̀bù kejì.

Iná mi ń ṣẹ́jú. Gílóòbù ni àbí wáyà?

Ẹ gbé gílóòbù náà lọ sí họ́dà yàrá mìíràn. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, òun ló ṣẹ̀. Bí kò bá ṣẹ́jú mọ́, họ́dà tàbí wáyà àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò. Bí gbogbo ilé bá jùmọ̀ ń ṣẹ́jú, ẹ pe oníṣẹ́ iná lójú ẹsẹ̀, pàápàá bí àwọn kan bá ń mọ́lẹ̀ jù tí àwọn kan sì ń ṣókùnkùn: wáyà níúturà, èyí tó ń dá iná padà, lè ti já níbì kan, ìyẹn sì lè jó tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì yín.

Ṣíṣẹ́jú mìíràn wà tí ojú kì í rí ṣùgbọ́n tó ń fa orí fífọ́ fún ẹlòmíì. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù kọjú sí gílóòbù. Bí ìlà dúdú bá ń rìn lójú fóònù, ó ń ṣẹ́jú. Ẹ má fi irú rẹ̀ sí ibi ìkàwé. Bí ilé yín bá sì ní súìṣì tí ẹ fi ń dín iná kù, gílóòbù tí wọ́n kọ "dimmable" sí nìkan ni kí ẹ lò.

Mo ti pa súìṣì, gílóòbù ṣì ń tàn fírífírí. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré, ó sì lè jẹ́ nǹkan tó ń pààyàn. Èyí tó kéré ni pé súìṣì yín ní iná pupa tíntín tó ń tàn lóru. Iná díẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, gílóòbù àtijọ́ kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn tó LED. Wáyà gígùn tó bá òmíràn rìn pọ̀ náà lè fa á.

Èyí tó léwu ni pé ẹni tó wáyà ilé yín gbé súìṣì sórí níúturà dípò láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá. Gílóòbù kú, ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú họ́dà. Ọjọ́ tí ẹ bá gun àga láti pààrọ̀ rẹ̀, tí ọwọ́ kan irin, iná á gbé yín. Oníṣẹ́ iná á fi tẹ́sítà yẹ họ́dà náà wò nígbà tí súìṣì wà ní pípa. Bí tẹ́sítà bá tàn, kó yí wáyà náà padà lọ́jọ́ náà gan-an. Títí ìgbà yẹn, ẹ pa súìṣì àgbà kí ẹ tó fọwọ́ kan gílóòbù kankan.

Ínfátà mi kì í dé òwúrọ̀. Ṣé gílóòbù ló fà á?

Bátìrì fóòtì 12, 200Ah, ní 2,400 wáàtì-wákàtí lórí ìwé. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ìdajì ni kí ẹ lò kó má baà tètè kú. Ínfátà náà á jẹ tirẹ̀ lára rẹ̀, nǹkan bí 1,000 ló kù. Gílóòbù wáàtì 60 mẹ́wàá á gbé e mì láìtó wákàtí méjì. LED wáàtì 9 mẹ́wàá á tó wákàtí 11, bí bátìrì bá ṣì lágbára. Torí náà, bó bá jẹ́ pé LED ni gbogbo ilé lò tí kò sì dé òwúrọ̀, ẹ lọ wo fáànù, fíríìjì àti díkódà kí ẹ tó wá bá mi. Kí ẹ wo iná ìta náà: mẹ́rin tó ń tàn látàárọ̀ torí pé ẹnikẹ́ni kò rántí pa á ni mo máa ń bá jù.